Ìdọ̀tí Inú Táǹkì Dísù: Àìsàn tí Fíltà Tuntun Kò Lè Wò

   

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ ẹ̀yin mẹkáníìkì ọkọ̀ dísù ránṣẹ́ sí mi láti wá bá yín sọ̀rọ̀, ó ní kí n mú ohunkóhun tó bá wù mí nínú iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì dísù, kí n sì là á yé yín. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń retí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń yẹ ọkọ̀ wò, nítorí òun ló lóde. Ẹ má bínú sí mi. Táǹkì ni mo mú wá. Bí ọkọ̀ bá ṣàìsàn, a ó yẹ pọ́ǹpù wò, a ó tú ínjẹ́tọ̀, a ó ra fíltà méjì mẹ́ta, ṣùgbọ́n ó di ìgbà tí owó bá tán kí ẹnì kan tó béèrè pé báwo ni inú táǹkì ṣe rí. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa lápálápá.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbà kí a tó jáde níbí kò pọ̀. Ọkọ̀ tí omi àti ìdọ̀tí bá ti wọ ìsàlẹ̀ táǹkì rẹ̀, kò sí pààtì tí a lè rà fún un tó máa pẹ́, àfi bí a bá sọ táǹkì náà kalẹ̀ tí a fọ̀ ọ́ dénú, tí a sì dí ojú ibi tí omi ń gbà wọlé. Fífọ̀ yìí sì ní ewu tirẹ̀. Mo máa pẹ́ díẹ̀ lórí ewu náà, nítorí ẹ̀mí ju ẹ́ńjìnnì lọ.

Ẹ́ńjìnnì àná àti ẹ́ńjìnnì òní

Rudolf Diesel, ọmọ Jámánì tí wọ́n bí ní ìlú Paris lọ́dún 1858, ló ṣe ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ìlú Augsburg ló ti yọrí sí rere lọ́dún 1897. Nígbà tí wọ́n ṣe àfihàn ńlá ní Paris lọ́dún 1900, epo ẹ̀pà ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ló sì mọ̀ pé kì í ṣe epo inú ilẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ẹ gbọ́ o, epo ẹ̀pà! Ẹ́ńjìnnì tó jẹ epo ẹ̀pà tí kò kọ̀, kí ló dé tí àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ fi ń kú lónìí nítorí omi tí kò kún ife?

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti tún ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ tí a ń pè ní 911 ṣe mọ ìdáhùn rẹ̀. Agbára epo tó tó nǹkan bí 200 bar ni ẹnu ọ̀pọ̀ ínjẹ́tọ̀ àtijọ́ fi ń là. Lọ́dún 1995 ni ilé-iṣẹ́ Denso gbé ẹ̀rọ tó ń tú epo sínú ẹ́ńjìnnì, tí a ń pè ní common rail, sínú ọkọ̀ akẹ́rù Hino ní Japan, láti ìgbà náà ni agbára yìí ti ń gòkè. Nínú ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó ń wọlé sí wa báyìí, ó máa ń kọjá 1,600 bar, àwọn mìíràn sì kọjá 2,000. Kí ẹ lè mọ bó ṣe tó, nǹkan bí 8 bar ni afẹ́fẹ́ inú táyà tirélà.

Kí epo tó lè gba irú agbára bẹ́ẹ̀, àwọn irin inú ínjẹ́tọ̀ gbọ́dọ̀ fún mọ́ra gidigidi. Àlàfo tó wà láàárín wọn kò ju máíkírọ́ọ̀nù méjì sí mẹ́rin lọ. Bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000, ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni máíkírọ́ọ̀nù. Fọ́nrán irun orí kan nípọn tó nǹkan bí 70. Ohun tó bá sì kéré sí nǹkan bí 40, ojú lásán kò rí i. Nítorí náà, awakọ̀ tó gbé dísù sókè nínú ìgò, tó wò ó lójú oòrùn, tó ní "ọ̀gá, ó mọ́", ojú rẹ̀ kò purọ́, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí tó máa ha ínjẹ́tọ̀ náà kéré ju ohun tí ojú ń rí lọ. Dísù fúnra rẹ̀ ni ọ̀rá tó ń mú kí irin pọ́ǹpù yọ̀ lórí ara wọn. Omi kò ní ọ̀rá kankan. Bó bá dé ibẹ̀, irin á máa ha irin, gbogbo rẹ̀ á sì dógùn-ún bí ọkọ̀ bá sùn mọ́jú. Bí ó bá wá dé ẹnu ínjẹ́tọ̀ tó gbóná, ó lè hó di ooru lójijì kó sì fọ́ ẹnu náà dànù. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti rí ínjẹ́tọ̀ tí ẹnu rẹ̀ fọ́ bẹ́ẹ̀, tí ẹ ní ayédèrú pààtì ni. Nígbà mìíràn, pààtì náà kò jẹ̀bi.

Ibi tí omi ń gbà wọlé

Lítà dísù kan kì í wúwo tó gírámù 860, ṣùgbọ́n lítà omi kan pé 1,000. Ìdí nìyí tí omi fi máa ń rì sísàlẹ̀. Àwọn tó ṣe táǹkì mọ èyí, wọ́n sì jẹ́ kí páìpù tó ń fa epo dúró sókè díẹ̀ sí ìsàlẹ̀, kí omi lè ráyè jókòó sí abẹ́ rẹ̀. Inú rere ni wọ́n fi ṣe é, àmọ́ òun náà ló ń tàn wá jẹ. Omi á máa pọ̀ díẹ̀díẹ̀ fún oṣù púpọ̀, ọkọ̀ á sì máa lọ geere lórí títì tó tẹ́jú. Ọjọ́ tí ọkọ̀ yẹn bá ru ẹrù gun òkè Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, tí epo inú táǹkì dà sẹ́yìn, ẹnu páìpù á bọ́ sínú omi, ẹ́ńjìnnì á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Awakọ̀ á ní òkè ló ba ọkọ̀ òun jẹ́.

Òjò ń gba ẹnu ìdérí tí rọ́bà rẹ̀ ti gbó wọlé. Ọmọ ìfọkọ̀ tó ń fi omi olágbára fọ ọkọ̀ lè rọ ọ́ sínú ihò tí táǹkì fi ń mí. Bí táǹkì bá ṣófo dé ìdajì tí ọkọ̀ fi sùn síta, afẹ́fẹ́ tútù òru á di ìrì mọ́ ara irin, ìrì náà á ṣàn wálẹ̀. Gbogbo ìwọ̀nyí kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí a ń fi owó wa rà. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní ìlànà kan fún dísù tí wọ́n ń pè ní ASTM D975. Ohun tó là sílẹ̀ ni pé omi àti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 0.05 nínú 100 lọ. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: nínú táǹkì tó gba 300 lítà, mìlílítà 150 péré nìyẹn, kò kún ife tíì. Ta ni nínú wa tó ti já nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ táǹkì tirélà rí, tó jẹ́ pé ìwọ̀n yẹn ló bá níbẹ̀?

Láti oṣù January 2024 ni ilé-ìfọpo Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe dísù nílẹ̀ yìí, inú wa sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n bí epo bá mọ́ ní ilé-ìfọpo, ọwọ́ mélòó ló máa gbà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa? Ó ń wọ táńkà, ó ń wọ dípò, ó ń wọ táńkà mìíràn, ó ń wọ táǹkì abẹ́ ilẹ̀ ilé-epo tí omi òjò lè ti wọ̀, lẹ́yìn náà ó tún lè wọ kẹ́ẹ̀gì ẹni tó ń tà á lẹ́bàá títì. Èmi kò ní sọ nǹkan púpọ̀ nípa dísù tí wọ́n ń fi iná sè nínú igbó ní Niger Delta. Ẹ mọ̀ ọ́n lójú, ẹ mọ̀ ọ́n lóòórùn. Nígbà tí owó dísù kọjá 700 náírà lórí lítà kan láàárín ọdún 2022, ọ̀pọ̀ onímọ́tò ló wá ibi tó dínwó lọ, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn kan náà ni bẹntiróòlù tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ ọjà wa. Bẹntiróòlù nìyẹn, kì í ṣe dísù, ṣùgbọ́n ó fi yé wa pé ohun tí kò dára lè gba ojú ọ̀nà tó bófin mu wọlé, kó sì dé ilé-epo tó ní orúkọ.

Ohun tó ń hù nínú táǹkì

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu. Ohun abẹ̀mí wà nínú dísù. Kòkòrò àìfojúrí ni. Èyí tí wọ́n mọ̀ jù nínú wọn ni Hormoconis resinae, ìbátan èyí tó ń mú búrẹ́dì bu. Àwọn oníṣẹ́ bàálù ló kọ́kọ́ ké gbàjarè nípa rẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1950 sí 1960, nígbà tí wọ́n rí i tó ń hù nínú táǹkì inú apá bàálù tó ń lo irú kẹrosíìnì kan, tó sì ń jẹ irin ibẹ̀. Kì í gbé inú omi nìkan, kì í gbé inú epo nìkan. Ojú ààlà tí omi ti pàdé dísù ló ń gbé: ó ń mu omi nísàlẹ̀, ó ń jẹ epo lókè. Ooru ilẹ̀ wa bá a lára mu dáadáa. Inú ẹ̀fọ́ ni kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́ ń gbé, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí.

Bó bá ti pọ̀ sí i, á yọ ohun kan tó ń fà yọ̀ọ̀, dúdú tàbí àwọ̀ ilẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ń pè ní ẹrẹ̀. Ẹrẹ̀ kọ́. Ilẹ̀ kò sí nínú rẹ̀. Ó tún ń ṣe èròjà kíkan tó ń lu irin táǹkì ní ihò láti inú. Irú àwọn kòkòrò kan wà tó máa ń mú kí òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́ jáde bí ẹ bá ṣí nọ́ọ̀tì. Ẹni tó bá gbóòórùn yẹn, kó má wulẹ̀ jà mọ́. Táǹkì gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀. Ohun tó sì ṣe pàtàkì ni pé kòkòrò wọ̀nyí kò lè wà láìsí omi. Ẹni tó bá lé omi ti lé wọn. Ẹni tó bá da oògùn lé wọn lórí tí kò lé omi, oṣù díẹ̀ ló rà.

Bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n

Fíltà tí ẹ pààrọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá tó ti di dúdú, ẹ́ńjìnnì tí kò lágbára mọ́ lórí òkè, tó ń tu èéfín funfun, tó ń kú bí ọkọ̀ bá tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan: ẹ ti mọ ìwọ̀nyí. Kí a tó tú ohunkóhun, ẹ fa dísù láti ìsàlẹ̀ pátápátá, kì í ṣe láti òkè, sínú ìgò tó mọ́ tí inú rẹ̀ hàn. Ẹ dé e, ẹ gbé e síbi tí kò ti mì, kó di ọjọ́ kejì. Bí omi bá wà, yóò jókòó sísàlẹ̀ lọ́tọ̀, ìlà á hàn láàárín méjèèjì. Bí epo náà bá funfun kẹ̀lẹ̀kẹ̀lẹ̀ bí omi ògì tí kò fẹ́ sílẹ̀, omi ti pò pọ̀ mọ́ ọn nìyẹn, irú rẹ̀ sì ni fíltà kì í lè mú. Oògùn kan tún wà tí àwọn ilé-epo ń fi sí orí ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn táǹkì abẹ́ ilẹ̀. Ó máa ń yí àwọ̀ padà níbi tí omi bá dé. Ẹgbẹ́ yín lè ra ọ̀kan kalẹ̀ fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Kò wọ́n.

Ewu tó wà nídìí fífọ̀

Mo bẹ̀ yín, kí ẹni tó ń sùn jí.

A máa ń sọ pé dísù kì í gbaná bíi bẹntiróòlù. Òótọ́ ni. Dísù gbọ́dọ̀ gbóná tó nǹkan bí 52 sí 55 lórí òṣùwọ̀n Celsius kí ooru tó ń jáde lára rẹ̀ tó lè gba iná, nígbà tí ooru bẹntiróòlù ń gbaná kódà bí òtútù bá lọ sísàlẹ̀ òdo ní nǹkan bí 40. Ṣùgbọ́n inú táǹkì tí a ti da epo rẹ̀ nù kì í ṣófo. Epo díẹ̀ wà lábẹ́ ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀, ó wà lẹ́yìn ògiri inú táǹkì, ó wà nínú ìpẹtà. Nígbà tí wẹ́dà bá gbé iná lé e, irin yẹn á gbóná kọjá 55 lọ́nà púpọ̀, epo á di ooru, ooru á kún inú táǹkì, iná á sì wà nítòsí tó ń dúró dè é. Táǹkì tó kún fún dísù kò léwu tó táǹkì tí a ní ó ti ṣófo. Bí ẹnikẹ́ni bá ti da bẹntiróòlù pọ̀ mọ́ dísù náà níbi tí wọ́n ti tà á, kò nílò iná wẹ́dà pàápàá. Iná ìṣáná tó o. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Nítorí náà, ẹ̀yin wẹ́dà, ẹ má jó táǹkì kankan lójú ọ̀rọ̀ "mo ti fọ̀ ọ́". Táǹkì tó bá jò, tó bá ṣeé pààrọ̀, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, kí ó lọ sí ibi tí wọ́n ti ní ẹ̀rọ tó ń wọn ooru epo inú rẹ̀ kí iná tó sún mọ́ ọn. Ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ má fi bẹntiróòlù fọ táǹkì dísù mọ́. Mo mọ̀ pé ó ń yára bọ́ ìdọ̀tí, mo mọ̀ pé ó ń gbẹ kíá. Òun náà ló ń yára sin ènìyàn.

Àwọn kan ń da kọ́síìkì sódà sínú táǹkì kó lè jẹ ìdọ̀tí. Bí táǹkì náà bá jẹ́ alumíníọ̀mù, bí ọ̀pọ̀ táǹkì tirélà òyìnbó ṣe jẹ́, sódà yẹn á jẹ irin náà fúnra rẹ̀, gáàsì kan tó ń jẹ́ hydrogen á sì máa tú jáde, èyí tó gbaná ju bẹntiróòlù lọ. Ẹ jẹ́ kí ó parí síbí. Bílíìsì náà kò dára, irin ló ń jẹ.

Ọ̀rọ̀ fífi ẹnu fa epo, ẹ̀yin ọmọṣẹ́ ni mo ń bá sọ. Bí dísù bá gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, díẹ̀ nínú rẹ̀ tó láti pa ènìyàn. Bó bá ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kan, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má jẹ́ kó bì, nítorí bó bá ń bì í, epo náà lè tún gba ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ilé ìwòsàn tààrà ni. Ẹ ra pọ́ǹpù ọwọ́ tí wọ́n fi ń fa epo, ẹ fi ẹnu yín sílẹ̀ fún oúnjẹ.

Àṣà kan tún wà tí àwa àgbà kọ́ yín, tí a gbọ́dọ̀ kọ́ yín kí ẹ gbàgbé rẹ̀ báyìí. Láyé 911, bí a bá fẹ́ mọ ínjẹ́tọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, a máa ń tú páìpù rẹ̀ díẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Ẹ má dán an wò lára common rail. Epo tó ń jáde pẹ̀lú agbára 1,600 bar á gba awọ wọ inú ẹran ara. Ihò rẹ̀ lè dà bí ojú abẹ́rẹ́, kò ní dun ènìyàn púpọ̀ lákọ̀ọ́kọ́, ẹni náà sì lè pàdánù ọwọ́ bí kò bá yára dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń fọ táńkà ńlá tó ń gbé epo, ọ̀rọ̀ kan péré: ẹ má wọ inú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí ènìyàn ń mí lè má sí níbẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ á ṣubú, ẹni kejì á wọlé láti gbé e, òun náà á ṣubú. Àwọn tó ní irinṣẹ́ àti ẹ̀kọ́ fún un wà, àwọn ni kí ẹ pè.

Fífọ̀ gan-an

Ẹ má ta ẹ́ńjìnnì náà mọ́ kí ó lè rìn dé ṣọ́ọ̀bù. Ìrìn yẹn ló ń gbé omi láti táǹkì dé pọ́ǹpù. Ẹ wọ́ ọkọ̀ náà. Ẹ gbé e síta níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kó jìnnà sí ìyá olóúnjẹ àti sí wẹ́dà, kó dagun díẹ̀ sí ìhà tí nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ táǹkì wà. Ẹ tú bátìrì. Ẹ jẹ́ kó sinmi bí wákàtí díẹ̀, kí omi lè kó ara rẹ̀ jọ síbì kan.

Èyí tó bá kọ́kọ́ dà jáde ni kí ẹ gbà sínú kẹ́ẹ̀gì lọ́tọ̀, omi àti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni. Ìyókù á wọ dúrọ́ọ̀mù tó mọ́ tó sì ní ìdérí. Bí kò bá sí òórùn bẹntiróòlù nínú rẹ̀, ó lè jókòó fún ọjọ́ méjì, kí ẹ wá fa òkè rẹ̀ gba inú fíltà kọjá. Bí iyèméjì bá wà, kó má padà sínú ọkọ̀. Onímọ́tò á bínú. Ẹ jẹ́ kó bínú.

Lẹ́yìn èyí ni táǹkì ń sọ̀kalẹ̀. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni, mo sì mọ ìdí tí ẹ fi ń sá fún un. Ṣùgbọ́n ògiri irin oníhò wà nínú táǹkì ọkọ̀ akẹ́rù, èyí tí kì í jẹ́ kí epo ru lọ ru bọ̀, ẹ̀yìn àwọn ògiri yẹn sì ni ẹ̀gbin ń sá pamọ́ sí. Omi tí ẹ bá rọ gba ẹnu ìdérí nígbà tí táǹkì ṣì wà lára ọkọ̀ kò ní dé ibẹ̀. Ẹ yọ gééjì epo, ẹ yọ páìpù tó ń fa epo, ẹ wo asẹ́ tó wà ní ẹnu rẹ̀. Nígbà mìíràn, asẹ́ yẹn nìkan ló dí, tí wọ́n sì ti pààrọ̀ pọ́ǹpù sí i.

Bí kòkòrò bá wà níbẹ̀, oògùn apakòkòrò dísù ló kọ́kọ́ kàn, ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ni kí ẹ lò, ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Pípa wọn kò tó o. Òkú wọn náà ń dí fíltà. Omi gbígbóná àti ọṣẹ ìfọṣọ ló ń fọ táǹkì irin. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ dà á nù, ẹ tún un fọ̀, títí omi tó ń jáde á fi mọ́. Níbi tí ìpẹtà bá wà, àwọn kan máa ń da òkúta wẹ́wẹ́ tàbí ṣéènì sínú rẹ̀ kí wọ́n tó mì í. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ ka òkúta náà wọlé, kí ẹ sì kà á jáde.

Gbígbẹ ni ìdajì iṣẹ́ yìí, òun ni a sì ń fò. Táǹkì tí a fọ̀ tí kò gbẹ, omi tí a lé jáde ni a tún dá padà. Ẹ yí i dorí kodò nínú oòrùn, ẹ rọ afẹ́fẹ́ tó gbẹ sí i láìdí ẹnu rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn ògiri inú rẹ̀ bí ọwọ́ bá lè dé ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi lítà dísù díẹ̀ tó mọ́ ṣàn án, kí ẹ sì da èyí náà nù.

Páìpù méjì ló wà, kì í ṣe ọ̀kan. Èyí tó ń gbé epo lọ, gbogbo wa ń rántí rẹ̀. Èyí tó ń dá epo tó ṣẹ́kù padà sí táǹkì, a kì í rántí, bẹ́ẹ̀ ìdọ̀tí inú rẹ̀ á tún padà sínú táǹkì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ẹ tú páìpù méjèèjì ní orí kìíní àti orí kejì kí ẹ tó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí wọn. Ẹ fọ sẹ́párétọ̀, ife abẹ́ fíltà tó ń gba omi. Ẹ fi fíltà tuntun sí i, ẹ má sì da dísù kẹ́ẹ̀gì kún inú rẹ̀ kí ẹ tó dè é. Epo tí ẹ dà síbẹ̀ yẹn kò gba inú fíltà kọjá, tààrà ló ń lọ sí pọ́ǹpù. Pọ́ǹpù ọwọ́ ni kí ẹ fi fa epo wọlé, títí afẹ́fẹ́ á fi tán. Lẹ́yìn ìrìn àjò kan tàbí méjì, ẹ tún pààrọ̀ fíltà náà, kí ẹ sì gé èyí tí ẹ yọ wò. Ohun tí ẹ bá rí nínú rẹ̀ ló máa sọ bóyá iṣẹ́ yín parí.

Ẹ̀gbin tó jáde kò gbọ́dọ̀ wọ gọ́tà. Kànga wà ní ìgboro wa, omi inú ilẹ̀ ni gbogbo wa ń mu. Kí ẹgbẹ́ ní dúrọ́ọ̀mù kan tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù á máa da tiwọn sí, kí ẹ pe àwọn tó ń kó ìdọ̀tí epo lábẹ́ òfin wá gbé e.

Kí ó má baà tún ṣẹlẹ̀

Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ já omi sẹ́párétọ̀ láàárọ̀ kí ẹ tó ta ọkọ̀, kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ kún táǹkì ní ìrọ̀lẹ́, kó má sùn lófìfo. Bí ẹ bá dé ilé-epo tí táńkà ń já epo lọ́wọ́, ẹ kọjá lọ. Gbogbo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ti ru sókè lákòókò yẹn. Ẹ máa fi àrọ tó ní asẹ́ bu epo kẹ́ẹ̀gì bó bá di dandan pé kí ẹ lò ó. Nípa àwọn oògùn inú ìgò tí wọ́n ń tà pé ó ń pa omi nínú dísù, ẹ ṣọ́ra. Irú kan ń po omi mọ́ epo kó lè bá a kọjá lọ jóná. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ lè gbà á, common rail kò lè gbà á. Láti òkèèrè ni olójú jíjìn ti ń mú ẹkún sun.

Ọ̀rọ̀ kù fún ẹ̀yin tí ẹ ni ọkọ̀. Mẹkáníìkì yín mọ èyí tó pọ̀ nínú ohun tí mo sọ. Kò ṣe é nítorí pé ẹ kì í fẹ́ san owó iṣẹ́ tí ojú yín kò rí. Pọ́ǹpù tuntun ṣeé gbé dání, ó ń dán. Táǹkì tó mọ́ nínú kò ṣeé fi han ènìyàn. Bí ó bá wá bá yín pé kí a sọ táǹkì kalẹ̀, ẹ sanwó rẹ̀. Kí ẹgbẹ́ yìí náà pinnu láti òní pé ọmọ ẹgbẹ́ kankan kò ní gba pọ́ǹpù tàbí ínjẹ́tọ̀ ọkọ̀ tí omi ti bà jẹ́ láìkọ́kọ́ fọ táǹkì rẹ̀. Kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé òfin yín.

    Ẹ̀yin ọmọṣẹ́, bí ìbéèrè bá wà, èmi àti ẹ̀yin la jọ ń jẹun. Ẹ wá bá mi nídìí tábìlì.